Owendo: Èbúté Tí Òkúta Dúdú Ń Gbà Kúrò Nílé

Bí ènìyàn bá kúrò láàárín ìlú Libreville, tó dorí kọ gúúsù, tó sì ń tẹ̀ lé etí omi lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Owendo. Ìlú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, ilé ti so wọ́n pọ̀ bí ó ṣe so Ìkẹjà mọ́ Agége. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Libreville ni ibùjókòó ìjọba Gàbọ̀n. Owendo ni ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé, tí ó sì ń gbà jáde. Ó wà létí ibi tí omi odò Komo ti ń bọ́ sínú òkun, níbi tí omi ti fẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá sì lè gúnlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà rélùwéè tó la Gàbọ̀n já ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, orúkọ Gàbọ̀n kò ṣàjèjì. Àwọn ará wa láti Nàìjíríà, Benin àti Togo ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò tipẹ́, wọ́n sì wà nínú àwọn tó ń pàtẹ ọjà ní Mont-Bouët, ọjà ńlá Libreville. Bí wọ́n bá dé fún ọdún, tí wọ́n ń ròyìn ibẹ̀, epo rọ̀bì, igi gẹdú àti owó CFA ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òkúta. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ń kó wá sí Owendo tọ̀sán-tòru. Òkúta náà dúdú, ó wúwo, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń ba aṣọ jẹ́ bí èédú. Mangáníìsì ni wọ́n ń pè é. Gàbọ̀n wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa mangáníìsì jù lọ ní gbogbo ayé.

Ẹni tó bá kàn wo òkìtì dúdú yẹn lókèèrè lè rò pé ilẹ̀ lásán ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú òkúta yìí ní yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ojú kò lè rí, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti ohunkóhun tí a lè fojú inú wò lọ. Ìtàn rẹ̀ kan ilé wa ju bí a ṣe rò lọ.

Ọ̀nà tó gbà dé Owendo

Ìlú Moanda ni òkúta náà ti ń wá, ní gúúsù ìlà-oòrùn Gàbọ̀n, níbi tí igbó ti ń fàyè sílẹ̀ fún pápá lórí òkè. Ilé-iṣẹ́ Comilog ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953 láti máa wà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde ní 1962. Nígbà yẹn kò sí rélùwéè ní Gàbọ̀n. Okùn irin ni wọ́n ta láti orí òpó kan sí èkejì, fún nǹkan bí kìlómítà 76, láti Moanda dé Mbinda ní Kóńgò. Garawa ńlá ńlá ni wọ́n so rọ̀ sórí okùn náà, tí wọ́n ń gba ojú òfuurufú kọjá lórí igbó pẹ̀lú òkúta nínú. Láti Mbinda ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí èbúté Pointe-Noire. Èbúté orílẹ̀-èdè mìíràn ni ọjà Gàbọ̀n ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà.

Ní àwọn ọdún 1970, Gàbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà rélùwéè tirẹ̀ la igbó. Iṣẹ́ náà le, nítorí odò pọ̀, òkè pọ̀, òjò kì í sì í dáwọ́ dúró. Ọdún 1986 ni rélùwéè náà, tí wọ́n ń pè ní Transgabonais, dé Franceville. Gígùn rẹ̀ láti Owendo jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 650. Ní 1988, èbúté tí wọ́n kọ́ fún òkúta nìkan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Owendo. Nígbà tó di 1991, okùn irin tó lọ sí Kóńgò kò ṣiṣẹ́ mọ́, Owendo nìkan ló kù.

Ọkọ̀ èrò náà ń gba ojú irin yìí. Bí ẹ bá ní ará ní Gàbọ̀n tí ẹ sì fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè náà, ibùdó ọkọ̀ Owendo ni kí ẹ ti wọlé. Ọkọ̀ á gba Ndjolé, á tẹ̀ lé odò Ogooué, á kọjá lára Lopé, tí àjọ UNESCO fi sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2007, kó tó gba Booué àti Lastoursville dé Moanda. Ẹ ní sùúrù o. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà bí ọkọ̀ òkúta bá ń bọ̀ níwájú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yà fún ẹnìkejì.

Òkúta tó ní yàrá nínú

Kí a tó lè mọ ohun tó wà nínú òkúta Owendo, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà bá ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní zeolite. Ní 1756, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Axel Fredrik Cronstedt, fi iná gbígbóná sun òkúta kan, òkúta náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìgbà tí omi bá ń hó lórí ààrò. Ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òkúta tó ń hó. Omi ló wà nínú òkúta náà, tó ń sá jáde nítorí iná.

Ẹ rántí ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára. Zeolite dà bí ajere tí ihò rẹ̀ tò létòlétò, tí gbogbo ihò náà sì fẹ̀ bákan náà. Ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ni sílíkà, èyí tó pọ̀ nínú yanrìn, pẹ̀lú alumíníọ̀mù. Omi àti àwọn ẹyọ iyọ̀ kéékèèké ń gbé inú ihò náà, wọ́n lè jáde kí àwọn mìíràn sì wọlé, láìjẹ́ pé ilé náà wó. Ohun tó bá tóbi ju ẹnu ihò lọ kò lè wọlé rárá. Èyí ló fi jẹ́ asẹ́ tó ń yan ohun tó ń gbà wọlé.

Ibi tí eérú àti òkúta yíyọ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín bá ti pàdé omi tó ní iyọ̀ nínú ni zeolite sábà máa ń hù. Ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó dá. A tún ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́, ẹ sì ti lè lò ó láìmọ̀. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ibẹ̀ ló ti ń gba kálísíọ̀mù kúrò nínú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Ó tún wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí nílé ìwòsàn. Zeolite inú ẹ̀rọ yẹn ń di náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mú, ọ́síjìn á sì kọjá lọ sí imú aláìsàn.

Mangáníìsì Moanda kì í ṣe zeolite, nítorí kò sí sílíkà nínú ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òkúta tó wà nínú rẹ̀, cryptomelane, ń hùwà bíi tirẹ̀. Orúkọ náà túmọ̀ sí dúdú tó fara pamọ́. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1942 nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń pa mọ́ sáàárín àwọn òkúta dúdú mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ ya ilé oníyàrá púpọ̀ kan lọ́kàn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Mangáníìsì àti ọ́síjìn ni búlọ́ọ̀kù ògiri náà, wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pòtásíọ̀mù ló ń gbé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí irun orí kan ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ó fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí lọ ní ìlọ́po 100,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pòtásíọ̀mù yẹn wúlò fún ohun kan tó yani lẹ́nu. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di gáàsì kan tí ń jẹ́ ágọ́ọ̀nù, gáàsì náà kò sì rọ́nà jáde. Ẹni tó bá wọn iye tó ti kó jọ lè mọ ìgbà tí òkúta náà dá, bí ẹni tó ń ka òrùka inú igi tí wọ́n gé. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé irú òkúta dúdú bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wà láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Bí ó ṣe dá

Ìgbà méjì ni a dá mangáníìsì Moanda. Ìgbà àkọ́kọ́ tó nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, ó sì lé díẹ̀. Kò sí ẹranko, kò sí ewéko lórí ilẹ̀. Òkun ló wà níbi tí Moanda wà lónìí. Ọ́síjìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ni, kò tíì dé ìsàlẹ̀ òkun. Nínú omi tí kò ní ọ́síjìn, mangáníìsì máa ń yọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá gòkè tó sì pàdé ọ́síjìn, mangáníìsì á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó kó jọ sínú ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó kún fún òkú àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín. Ẹrọ̀fọ̀ náà le, ó di òkúta.

Ìgbà kejì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òkun ti lọ, tí ilẹ̀ náà ti gòkè di òkè orí-pẹrẹsẹ. Òjò àti oòrùn ilẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Omi òjò ń gba inú òkúta wọlẹ̀, ó ń fọ ohun tó lè yọ́ lọ, ó ń fi ọ́síjìn fún mangáníìsì tó kù. Bí ìyá wa ṣe ń fọ ìrù títí eèpo rẹ̀ á fi bọ́ lọ tí ìrù nìkan á ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni òjò fọ òkè Bangombé. Ohun tó kù sórí òkè ni òkúta tí mangáníìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì rẹ̀. Kò jìn sílẹ̀ rárá, mítà mélòó kan ni ẹ̀rọ ń wà kó tó kàn án. Ìdí nìyí tí Moanda fi gbajúmọ̀: òjò ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Aládùúgbò Moanda ni Mounana, ìtàn tirẹ̀ sì jinlẹ̀. Yùréníọ̀mù ni wọ́n wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún, títí di 1999. Ní 1972, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Faransé tí ń wọn yùréníọ̀mù tó wá láti Oklo, lẹ́bàá Mounana, ṣàkíyèsí pé irú èyí tó ń jó bí iná dín díẹ̀: 0.717 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí dípò 0.720. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà. Ibi tí ìwádìí parí sí ni pé ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, yùréníọ̀mù inú ilẹ̀ náà ti dá iná núkílíà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi inú ilẹ̀ ló ń jẹ́ kó jó. Bí ó bá gbóná jù, omi á gbẹ, iná á rọlẹ̀. Bí omi bá padà, iná á tún tàn. Ní 2004, Alex Meshik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, á sì sinmi fún nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Òkúta kan tó ní alumíníọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ló di gáàsì xenon mú láti ìgbà náà, kò sì jẹ́ kó sá lọ. Fún bílíọ̀nù méjì ọdún, òkúta yẹn pa àṣírí mọ́ sínú ara rẹ̀. Ilẹ̀ Mounana kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí francevillite, òkúta ọ̀wọ́n aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n sọ lórúkọ ìlú Franceville. Omi wà láàárín ìpele-ìpele rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú zeolite. Ó dára ní wíwò, ṣùgbọ́n yùréníọ̀mù wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí tábìlì níyàrá.

Láti inú òkúta dé inú tọ́ọ̀ṣì

Èyí tó pọ̀ jù nínú mangáníìsì ayé ni wọ́n ń fi ṣe irin, nítorí ó ń mú irin le, ó sì ń yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Irin tó wà nínú òpó àti dẹ́kìn ilé yín kò lè ṣàì ní díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wa ti fọwọ́ kàn ni ti inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Georges Leclanché, ọmọ Faransé, ló kọ́kọ́ lo mangáníìsì nínú bátìrì ní 1866. Ìyẹ̀fun dúdú tó wà láàárín bátìrì ni mangáníìsì náà, wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kábọ̀nù. Bí iná bá ń tàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá inú òkúta náà ló ń gba ohun tó ń wọlé. Bí yàrá bá kún, bátìrì ti kú nìyẹn.

A kò tilẹ̀ nílò láti dé Gàbọ̀n kí a tó rí òkúta bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Nsuta, ní apá ìwọ̀-oòrùn Gánà, wọ́n ti rí mangáníìsì láti 1914. Irú kan wà níbẹ̀ tó dára fún bátìrì, wọ́n sì sọ ọ́ ní nsutite ní 1962. Òkúta tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Áfíríkà wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan á rántí bí a ṣe ń fọ́ bátìrì tó ti kú, tí a ń gún ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ èédú àti ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Mangáníìsì ni ọwọ́ wa ń kó nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara nílò mangáníìsì díẹ̀, a sì ń rí i nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Àmọ́ fífa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ń ba ọpọlọ jẹ́. Láti 1837 ni dókítà James Couper ti kọ̀wé ní Scotland nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ mangáníìsì, tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dáadáa mọ́. Bátìrì tó bá ti kú, ẹ kó o jọ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ẹ má sì jù ú sínú iná.

Ẹni tó ta ẹ̀gẹ́, tó ra gàrí

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní Owendo báyìí ni ti ẹni tó ń jèrè. Òkúta tí òkun àti òjò ṣe fún bílíọ̀nù méjì ọdún ń wọ ọkọ̀ ní tútù, ó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di irin àti bátìrì, a sì ń rà á padà ní owó gọbọi. Bí àgbẹ̀ tó ta ẹ̀gẹ́ lóko tó wá ra gàrí lọ́jà ló rí. Gàbọ̀n ti gbìyànjú láti yí i padà. Ní 2010, wọ́n ṣòfin pé igi gẹdú kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé wọ́n là á sílé, ilé-iṣẹ́ pákó sì ti pọ̀ ní Nkok, nítòsí Libreville. Ní 2015, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ kan ní Moanda tó ń yọ́ díẹ̀ nínú mangáníìsì. Ní 2025, ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2029, mangáníìsì tútù kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Kò ní rọrùn, nítorí iná mànàmáná rẹpẹtẹ ni yíyọ́ òkúta ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ tí ń bẹ lókèèrè lónìí á wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Owendo àti Moanda.

Kí ló kan àwa ní ilẹ̀ Yorùbá? Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣófo. Òkè-Ògùn ní òkúta iyebíye àti lítíọ̀mù, agbègbè Iléṣà ní wúrà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní bòókẹ́lẹ́, tí wọ́n ń dì sínú àpò, tí onílẹ̀ kò sì mọ iye tó tó. Ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024 kò tíì kúrò lọ́kàn ará Ìbàdàn, nígbà tí ohun abúgbàù bú ní Bódìjà àtijọ́, tó gbẹ̀mí ènìyàn, tó sì wó ilé. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó o pa mọ́ sínú ilé. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ ni àlejò ń gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ lójú.

Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé òkúta wálé tó ní kí ẹ wò ó, ẹ má kàn ní kó jù ú nù. Ẹ bi í níbi tó ti rí i. Ẹ jẹ́ kó gbé e wò bóyá ó wúwo, kó fi ha ara àwo fífọ́ kó wo àwọ̀ tó fi sílẹ̀, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mangáníìsì máa ń fi ìlà dúdú tàbí búráùn sílẹ̀, bí ó ti ń ṣe sí ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Owendo. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ orúkọ òkúta abúlé rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ òun bí ẹni ra iyẹ̀pẹ̀.